Náírà Kan Tí Dúródọlá Fọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ní kí n jókòó, ẹ má bu omi wá, torí omi kọ́ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg wá sí Kreuzberg ní Berlin níbí. Mo mọ̀ pé ọmọ mi wà nínú yàrá yẹn. Mo mọ̀ pé láti àná tó ti dá wá sọ́dọ̀ yín ló ti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro tèmi náà.

Ṣé ẹ̀yin náà rò pé nítorí bébà lásán ni mo ṣe bínú? Náírà kan ni, mo gbà, wọn ò ná an mọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí bàbá wa kọ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni wọ́n fi yíǹkì pupa tí wọ́n fi ń máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé, “Rónkẹ́ dé lónìí. A kò ní ná owó yìí.” Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀yin lọ sin wọ́n. Èmi ńkọ́? Ìwé ìgbélùú mi wà ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì àwọn àjèjì, wọ́n ní bí mo bá jáde, mi ò ní lè padà wọlé. Inú ilé mi ní Steilshoop, ní Hamburg, ni mo jókòó sí tí mo ń wo ìsìnkú bàbá mi lórí fóònù. Kí ló kù fún mi lára wọn? Ìlà méjì yẹn náà ni.

Ẹ ní ta ló gbé e fún ọmọ? Èmi ni. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Dúródọlá tó jẹ́ pé bí mo bá fi Yorùbá pè é, Jámánì ló fi ń dáhùn, ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ kan nílé-ìwé, àwọn ọmọ tó ń kó owó bébà gbogbo àgbáyé jọ, olúkúlùkù yóò sì mú owó ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá. Ó wá fi Yorùbá bi mí pé, “Màmá, ta ni bàbá yín?” Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀gbọ́n mi, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣí Bíbélì, mo yọ owó náà, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún un títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Mo ní kó fi hàn wọ́n, kó sì mú un padà bọ̀.

Olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ yẹn, Herr Petersen, gbé owó náà sókè lójú gbogbo wọn, ó ní wọn kì í kọ nǹkan sára owó, pé èyí tó bá dọ̀tí kò lè wà nínú àfihàn tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn òbí. Schmutzig ló pè é, ìdọ̀tí. Leon tó jókòó tì í ní bóyá orí ààtàn ni wọ́n ti ṣà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni ọmọ yóò ṣe? Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Billstedt nígbà tó délé, ó bu omi gbígbóná sínú abọ́, ó da ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wa dànù. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí n tó wọlé. Ó nà án sí mi, ó ní, ó ti mọ́.

Mo gbá a létí.

Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá a, mo sì sọ ohun tí ẹnu ìyá kò gbọdọ̀ sọ. Mo ní ó ti pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Kò sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lọ sílé-ìwé, ọ̀dọ̀ yín ló gbà lọ.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wọkọ̀, mo lọ bá olùkọ́ yẹn. Ó ní òun kò ní kó fọ̀ ọ́, pé àwọn akówójọ kì í fọ owó àtijọ́ rárá. Mo bi í bóyá ó béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní òun kò béèrè. Ìgbà tó yá ló wá sọ pé Dúródọlá nawọ́. Ó ní ó nawọ́, ó fẹ́ dìde kó kà á fún wọn, òun lòun sọ fún un pé àsìkò ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn fẹ́ ka Yorùbá bàbá wa sétí àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ rẹ̀ kò bi í. Èmi tí mo bí i, ṣé mo bi í? Ọwọ́ ni mo fi bi í.

Mo ti sọ fún ọkùnrin yẹn pé Dúródọlá yóò kà á, owó ì báà mọ́, owó ì báà dọ̀tí, ojú mi ni yóò sì ṣe. Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́, mo fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ búra fún yín. Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ ni.