Ọgbà Ìyá Bàrákàt

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n máa sin yín sí."

Àmọ̀dá ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Bàrákàt, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, nínú yàrá ìyá náà ní Ìjòkó. Ọsibítù ti ní kí wọ́n máa gbé ìyá lọ sílé, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrákàt, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó kú kó tó lọ́kọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ẹbí ṣì wà ní gbangba, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ lórí sàréè ọmọ náà. Kò sí ìpàdé ẹbí tí ìyá ò ti ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ bá mi ṣọgbà yí ọmọ mi ká." Ṣùgbọ́n ibòmíì lojú Àmọ̀dá, olórí ẹbí, wà. Fóònù rẹ̀ kún fún àwòrán ọgbà ìgbafẹ́ káàkiri ayé: ti Síńgápọ̀ tí igi onírin ń tàn yòò, ti Màrákéèṣì tó ní ilé aláwọ̀ búlúù láàárín, ti Hóláǹdì tí òdòdó tò lọ rẹrẹ. Ó fẹ́ kí Ìjòkó ní tiẹ̀, kí orúkọ òun sì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Iléeṣẹ́ kan ṣetán láti kọ́ ọ, àmọ́ ẹbí ní àwọn ò ní í yọ̀ǹda ilẹ̀ bí Ìyá Bàrákàt ò bá fọwọ́ sí i.

"Mo wá sọ fún yín pé, 'Màmá, wọ́n ti gbà, wọ́n máa ṣe ọgbà síbẹ̀.' Mo mọ ọgbà tí mò ń sọ, mo sì mọ ọgbà tí ẹ gbọ́. Èmi èèyàn burúkú! Ẹ tẹ̀ka, ẹ tún ṣàdúà pé kí Ọlọ́hun ṣọgbà yí èmi náà ká. Mo ṣe àmín, ẹnu mi ò sì wọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà, ìyá wò yíká, kò dá ojú sàréè mọ̀ mọ́, kò rí ògiri, òdòdó ló rí. "Àmọ̀dá, ọgbà ọmọ mi dà?" Àmọ̀dá ní, "Gbogbo èyí ni ọgbà rẹ̀, Màmá. Òun ló wà níbẹ̀ yẹn," ó sì na ọwọ́ sí ebè òdòdó pupa kan. Látọjọ́ náà, gbogbo Jímọ̀ ni ìyá ń tẹ̀pá lọ jókòó síbẹ̀, tó ń ṣàdúà, tó ń bomi rin òdòdó. Àwọn tó wá ya fọ́tò ìgbéyàwó á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ ti wọnú píkṣọ̀ wa." Á sì sún.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni Ìyá Bàrákàt wí. "Sọ èyí tó kù."

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ òdòdó yẹn, Màmá. Ojú mi ni wọ́n ṣe da kọnkéré lé sàréè Bàrákàt lórí. Mi ò sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n kọ́ sórí ẹ̀?"

Àmọ̀dá ní, "Ilé ìtọ̀ obìnrin."

Ìyá yíjú sí ògiri.

"Ẹ foríjì mí, Màmá, nítorí Ọlọ́hun."

"Èmi kọ́ ni wọ́n da kọnkéré lé. Lọ bẹ Bàrákàt níbi tó wà."

Àmọ̀dá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti aṣọ funfun lẹ́nu ilé ìtọ̀ náà. Kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tí obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi gbé báàkẹ́tì dé.

"Bàbá, ẹ sọ nǹkan nù ni? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, tàwọn obìnrin lèyí. Ẹ jẹ́ kí n rí ibẹ̀ fọ̀."