Ìwé Tí Jabez Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín? Jabez? Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, torí etí mi kan ti ń di díẹ̀. Jabez tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì yín wá sí ìpàdé onílé wa ní Ilo-Awela, tí orúkọ yín wà láyà rẹ̀, tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí káàdì yín ń fì dirodiro lọ́rùn rẹ̀, òun ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín?

Áà, kọmíṣàn ló ń gbà. Ó dáa. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fún un ní kọmíṣàn náà ni, àbí ìjọba? Ẹ má bínú, mo kàn ń béèrè ni.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Orúkọ mi ni Tahir Fọláwẹwọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ irin kan ní Sango níbí, mi ò sì mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n tẹ̀ka síwèé kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà yẹn. Mo délé, mo gba ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Ọdún méjì ni mo fi mọ Yorùbá kà. Gẹ̀ẹ́sì, a ò tíì débẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bá mi sọ ọ̀rọ̀ gidi, màá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lèmọ́mù wa pàápàá ti kọ fún mi rí, ó sì buwọ́ lù ú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde ní ìpàdé. Mo ní, "Jabez, bí ọ̀bẹ bá kan àwa àgbàlagbà ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ abẹ wà nínú ètò ìlera tí ò ń tà yìí?" Ó ní, "Bàbá mi, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní kó kọ ọ́. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́. Òun rèé. Ẹ gbà, ẹ kà á.

Ẹ ò lè ka Yorùbá? Hẹ̀n. Ẹ má tijú. Ìlà kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àmì bá ti pọ̀, kí ẹ fara balẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á: "Èmi Jabez, mo ti ṣàlàyé fún Bàbá Fọláwẹwọ́ pé iṣẹ́ abẹ wà nínú ètò ìlera tí mo tà fún òun àti ìyàwó rẹ̀." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì, ó tún lu òǹtẹ̀ yín mọ́ ọn.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Àdìzát, ìyàwó mi, a gbé e dé ọsibítù tí ẹ kọ sára káàdì. Dókítà ní òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀, kí iṣẹ́ abẹ má kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá, káàdì yín ò gba iṣẹ́ abẹ o. Ibà ló gbà, àti tífọ́ọ̀dù, àti kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀." Wọ́n wá wọn ìfúnpá rẹ̀. Inú ń run ún títí di àárọ̀ yìí, kò lè nà gbalaja, ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ dára. Ẹ ṣeun.

Ẹ ní kí ni? Ojú ewé kẹrin ìwé àdéhùn? Ó wà níbẹ̀ pé ètò náà ò gba iṣẹ́ abẹ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì buwọ́ lù ú. Òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ rán wá ló sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, kí n buwọ́ lù ú! Wàláhì, Màdáámù, nígbà tí Jabez ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ mi, tiyín ni, rìsíìtì yín rèé. Ìgbà tó la ẹnu ni kì í ṣe tiyín mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tiyín, ẹnu rẹ̀ wá jẹ́ ti ta? Báwo lẹ ṣe pín ọmọkùnrin náà?

Mo ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Ọ̀tà. Ó ní ẹni tí ẹ bá wọ̀ láṣọ, tí ẹ fún ní òǹtẹ̀, tí ẹ rán wọ àdúgbò, ohun tó bá sọ lẹ́nu iṣẹ́ yín, ọrùn yín ló wà. Mo ní, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó ní kóòtù? Ó ní ó lè tó ọdún méjì. Òkúta inú Àdìzát kò mọ lọ́yà.

Rárá, ẹ má pe Jabez. Wọ́n ní ó wà ní Igbesa láàárọ̀ yìí, níwájú iléeṣẹ́ tuntun kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Báírò rèé. Ìlà kan péré ni mo fẹ́. Ẹ lè kọ ọ́ sí ọsibítù pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀yin lẹ máa san án. Tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé Jabez kì í ṣe tiyín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Ẹ kọ ìyẹn ní Yorùbá, màá máa pe lẹ́tà rẹ̀ fún yín. Màá wọ ọ̀kadà lọ sí Igbesa, màá dúró tì í, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ buwọ́ lùwé, màá kọ́kọ́ kà á fún wọn. Mo máa ń kà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ń dún.

Èwo lẹ fẹ́ kọ? Ẹ rò ó dáadáa. Èmi ò kánjú, àga yín rọ̀. Àdìzát ló ń kánjú.