Àdúrà Kọ́ Ló Pa Á

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Ìkòtún lọ sí Ìgándò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì tó wọ sùtánà funfun, ìyá àgbà kan àti opó kan tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀.

"Ààwẹ̀ tí ò ń gbà yìí ti tó, ọmọ mi. O ti gbẹ."

"Mi ò lè jẹun, mà. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ ọkọ mi. Kó tó di alẹ́, ó kú. Àdúrà mi ló pa á."

"Àdúrà kọ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi náà. Ọjọ́ tó gbá orí ẹ mọ́ ògiri ni mo se ẹ̀gúsí, mo fi òògùn eku sí i, mo gbé e fún un. Ó dúpẹ́ ṣá. Ó tún ní kí n bu sí i."

Ó tún ní kí n bu sí i. Ohùn tútù ni ìyá fi sọ ọ́, bí ẹni ń rántí àlejò tó mọ oúnjẹ í jẹ.

"Mo sunkún níbi ìsìnkú ẹ̀, kì í ṣe ojú ayé. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ẹ́ kó o febi pa ara ẹ nítorí ohun tí mo ṣe."

"Ìyá mi, ṣé Ọlọ́run ò wá gbọ́ àdúrà mi nìyẹn?"

"Èmi ò mọ̀ jàre. Jẹun ṣá."

Ìyá tú mọ́ínmọ́ín eléwé kan, ó nà án sí i. Opó gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín pa ìyá. Ìyá bù lára rẹ̀ jẹ, ó gbé e mì níṣojú opó. Ìgbà náà ni opó fara tì í léjìká, tó sì jẹ ẹ́ tán.