Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Sún Sẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín. Mo ti dàgbà. Olùkọ́ ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀bẹ̀ kò sì mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà láyà mi tí n kò fẹ́ gbé wọ inú sàréè. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé àwo orin kan fẹ́ jáde, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ogun abẹ́lé, àwa mẹ́rin ní ẹgbẹ́ olórin kan ní Yaba. Orin kọ́ńtìrì ni à ń kọ, irú èyí tí rédíò máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni àwa fi sí i. Káyọ̀dé ni olórí wa, òun ni ó ń ta gìtá. Làmídì, télọ̀ ará Mushin, ni ó ń ta gìtá olóhùn ńlá. Èmi ni mo ń lé orin. Àṣàkẹ́, ẹni tí ó kéré jù nínú wa, ni ó ń gbè é. Òun àti Káyọ̀dé ti ń múra ìgbéyàwó. Àǹtí Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi.

Ohùn Àṣàkẹ́ kò le, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ ènìyàn lára. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ṣe orin kan fún un. Káyọ̀dé ní Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ó lé e, kí èmi máa gbè é. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi orin náà dánrawò, ìyá tí ń gbá gbọ̀ngàn tí à ń lò fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Háà! Ṣé ọmọ yìí lẹ ti ń fi pamọ́ sẹ́yìn Tíṣà látọjọ́ yìí?"

Làmídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi.

Kì í ṣe nítorí ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti gba ohùn wa sílẹ̀ nígbà náà. Máíkì kan ṣoṣo ni ó wà fún àwa tí a ń kọrin. Ibi tí olúkúlùkù bá dúró sí ni yóò sọ bí ohùn rẹ̀ yóò ti rí nínú àwo. Nítorí náà, Káyọ̀dé máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń mú ṣọ́ọ̀kì náà wá láti ilé ìwé. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìlà rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a lọ gba orin ìyá Àṣàkẹ́ sílẹ̀, ìlà Àṣàkẹ́ ni ó sún mọ́ máíkì jù, nítorí ohùn rẹ̀ tí kò le.

Káyọ̀dé fa ìlà wa tán, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dúró lé tirẹ̀, wọ́n jáde lọ jẹun; èmi ní mo fẹ́ sinmi ohùn. Mo fi bàtà mi pa ìlà Àṣàkẹ́ rẹ́. Mo fa òmíràn fún un lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nítòsí ògiri. Mo fa tèmi sí iwájú.

Káyọ̀dé àti Làmídì padà wá jókòó sẹ́yìn pákó tí wọ́n fi ń dí ohùn gìtá. Wọn kò rí ẹsẹ̀ wa. Àṣàkẹ́ wo ìlà náà, ó sì wò mí. Mo fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ fún un, bí mo ti máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jókòó sí àyè rẹ̀. Ó lọ dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a kọ ọ́, nítorí àwọn olórin mìíràn ti ń dúró de yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà.

Àwo jáde. Bàbá Àṣàkẹ́ pe gbogbo ará ilé jọ ní Mushin láti gbọ́ orin tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún ìyá rẹ̀. Ohùn mi kún gbogbo ilé. Ti Àṣàkẹ́ dà bí ti ẹni tí ń pe ènìyàn láti ẹ̀yìn ògiri.

Obìnrin kan nínú ilé náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó dà bí ẹni pé Tíṣà ni ìyá kú fún, kì í ṣe Àṣàkẹ́!"

Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi í pé, "Àṣàkẹ́, ìwọ dà níbẹ̀?" Mo wà lórí àga láàárín wọn, nítorí wọ́n pe èmi náà. Mo gbọ́ ọ.

Àṣàkẹ́ lọ bá Káyọ̀dé. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ó pè é ní ìwọ. "Ìwọ lo fa ìlà yẹn!" Káyọ̀dé búra pé òun kò fa ìlà kankan sí ìdí ògiri. Àṣàkẹ́ ní, "Ta ló tún ń fàlà fún wa?" Àwọn méjèèjì yíjú sí mi pé kí n jẹ́rìí. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, ẹ má fi mí sí i."

Ìgbéyàwó fọ́. Ẹgbẹ́ tú. Àṣàkẹ́ lọ fẹ́ ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì kọrin mọ́. Bàbá rẹ̀ kú láìgbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú àwo. Mo lọ síbi ìsìnkú náà. Èjìká mi ni Àṣàkẹ́ sunkún lé.

Ní ọdún yìí, Làmídì wá gbogbo wa kàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ó ní kí a tún àwọn orin wa kọ kí ikú tó mú ọ̀kan nínú wa. Àṣàkẹ́ gbà láti wá, ṣùgbọ́n ó ní yàtọ̀ sí orin, òun kò ní bá Káyọ̀dé sọ nǹkan kan.

Làmídì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí Tíṣà! Ẹ ṣì ń fojú na èèyàn!"

"Ìwọ náà ṣì ń pẹ́ dé," ni mo dá a lóhùn.

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú mi. "Ó yá, ẹ nà mí."

Nínú yàrá náà, máíkì ti pọ̀. Ọmọ Làmídì ní, "Mọ́mì, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ dúró sí. Màá tò ó tó bá yá." Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ kò dúró síbì kankan. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Káyọ̀dé fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́. Ó ní, "Àṣàkẹ́, mo ti rò ó títí. Bóyá èmi ni mo ṣì í fà lọ́jọ́ náà. Dárí jì mí."

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin náà ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, èmi sì dúró níbẹ̀.

Àṣàkẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ó ti tán, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé." Lẹ́yìn náà ni ó yí sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fa ìlà. Láìsí i, ara mi ò ní balẹ̀. Ọwọ́ tiyín ni mo fọkàn tán."

Làmídì yọ ṣọ́ọ̀kì tí ó fi ń sàmì sí aṣọ nínú àpò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo fa ìlà náà sí ìdí máíkì. Àṣàkẹ́ dúró lé e, ó kọ orin ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tèmi nìkan ni ó kù. Làmídì ní kí n sọ bí a ti pínyà àti bí a ti tún pàdé. Ó ní, "Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ o. Ẹ̀yin lẹ kórìíra irọ́ jù nínú wa."

Káyọ̀dé àti Àṣàkẹ́ ti ń pe ara wọn láràárọ̀ báyìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ńṣe ni wọn yóò máa ka àwọn ọdún tí mo gbà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ni yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi dé ibojì. Bàbá Àṣàkẹ́ kò sí láyé tí mo lè bẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí Àṣàkẹ́ gbọ́ ọ nínú àwo, tàbí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó yẹ kí n sún mọ́ ọn, kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù tí ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi," ìlera rẹ̀ ni mo máa ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?