Ìtàn Tí Wọ́n Gé Ṣe Bàtà

Nínú bọ́ọ̀sì Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ìyá àgbà kan àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé lókèèrè jókòó níwájú mi, ariwo wọn ò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọmọ náà ní, “Màmá, orí awọ màlúù làwọn ará Áísílándì ń kọ ìtàn àwọn baba ńlá wọn sí láyé àtijọ́. Ìgbà tó yá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mo fọwọ́ ara mi kan ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ yẹn!”

“Awọ yẹn wá ńkọ́?”

“Àwọn kan ní ìwé ti dé, awọ ò wúlò mọ́. Wọ́n gé e ṣe bàtà.”

“Háà! Wọ́n wọ baba ńlá wọn sẹ́sẹ̀!” Ìyá pàtẹ́wọ́. “Wọ́n wọ baba ńlá wọn sẹ́sẹ̀!” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n tẹ ẹkún ìyàwó tí ẹ sun lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sílé ọkọ sínú ìwé. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n délẹ̀ nílé wa.”

“Mo gbà! Gbé fóònù ẹ jáde, ká bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá jáde, kó o ṣì máa wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Má gé mi ṣe bàtà.”