Ìgbì Ni Tirẹ̀, Omi Tó Dákẹ́ Ni Tèmi

Nígbà tí mo ṣì ń jẹ́ Rájì lásán, tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa pè mí ní Bàbá Wàsíù, mo máa ń dúró lórí omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní mo máa ń dúró lórí omi. Ṣé ẹ rí èyí tí ẹ̀ ń wò nínú fóònù yẹn, tí ẹ̀ ń torí ẹ̀ bára yín jà láti àárọ̀? Aníkẹ̀ ní àwọn tó ń gun ìgbì ló dára jù. Jámíù ní rárá, àwọn tó ń sáré ni. Ẹ gbọ́, a ò tíì bí bàbá yín tí èmi àti ìyá àgbà yín tó jókòó síbẹ̀ yẹn ti ń ja ìjà yìí. A ò sì tíì parí ẹ̀ dòní.

Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní, "A ti parí ẹ̀ tipẹ́, ẹ̀yin lẹ ò gbà." Ó dáa, Ìyá Wàsíù. Jẹ́ kí n ròyìn ná.

Tapólì ni mo ń rán, ní Òṣòdì. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí lọ́rì. Láti Ìsẹ́yìn ni mo ti wá, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Lásísì, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aṣọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Aṣọ náà funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ní ilà pupa, ó sì ti ya. Kọ́lá lorúkọ ọmọkùnrin náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá. Ọ̀gá yẹ aṣọ náà wò títí. Wọ́n ní, "Lọ́rì wo lèyí fẹ́ bò?"

Kọ́lá ní, "Kì í ṣe lọ́rì, sà. Afẹ́fẹ́ la fi ń mú."

Ọ̀gá wò mí, èmi náà wò wọ́n. Wọ́n ní, "Rájì, gbà á. Ìwọ lojú ẹ ṣì dáa."

Mo rán an, ó sì mọ́ lójú. Inú Kọ́lá dùn débi pé ó ní kí n bá òun ká lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, kí n lọ wo ohun tí mo rán lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa sọdá sí etíkun kan lọ́hùn-ún. Lápá kan, omi rọra dúró bí omi inú àwo. Lápá kejì, òkun gan-an ni, ìgbì ń ṣubú lu ìgbì.

Mo wá rí i. Pátákó gbọọrọ kan báyìí, bí ilẹ̀kùn. Wọ́n ri òpó mọ́ ọn láàárín, wọ́n ta aṣọ mọ́ òpó. Èèyàn á dúró lórí pátákó, á di ọ̀pá tó wà lára aṣọ mú, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Kò sí àjẹ̀. Ìwọ àti afẹ́fẹ́ nìkan... Ẹnu mi ò lè padé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kọ́lá kọ́ mi. Mo ṣubú títí ó fi sú àwọn tó ń wò mí. Nígbà tó yá, mi ò ṣubú mọ́.

Eré ni Kọ́lá fẹ́ràn. Aṣọ tiẹ̀ ló máa ń tóbi jù. Wọ́n á da àwọn ike tó ń léfòó sójú omi ṣàmì, wọ́n á máa sáré yí wọn po, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló jẹ. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Rájì, bó o bá ti ń kọjá lára ẹnì kejì ẹ báyìí, tó o gbọ́ ariwo aṣọ tiẹ̀ lẹ́yìn ẹ... ayé ò dùn jùyẹn lọ." Mo bá a sáré díẹ̀. Ó dùn lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti parí, mi ò ní rántí ohunkóhun tí mo rí lọ́nà. Ẹ̀yìn ẹlòmíì nìkan ni mo máa ń rántí.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé idán ni tiwọn. Wọ́n á yí aṣọ po lórí ara wọn, wọ́n á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á fò sókè pẹ̀lú pátákó. Èrò etíkun á pàtẹ́wọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òpó gbá mi nímú. Jámíù, sún mọ́ bí. Ṣé o rí i pé ó wọ́ díẹ̀? Ibẹ̀ ló ti wọ́.

Tèmi ni omi tó dákẹ́. Kí n máa lọ jẹ́jẹ́, kí n rí àwọn apẹja, kí wọ́n kí mi, kí n kí wọn. Kí n máa ronú.

Ìyá àgbà yín wá ńkọ́? Sìkírátù là ń pè é nígbà yẹn. Ọmọ Àlàájì kan ní Èjìgbò l'Ékòó níbí ni, ó ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú Kọ́lá. Ìgbì ni tiẹ̀. Aṣọ kékeré, pátákó kékeré, á dojú kọ òkun. Ìgbì á gbé e sókè, òun á sì sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, "Kí lo rí níbẹ̀?"

Ó ní, "Wọn kì í jọra. Èyí tó ń bọ̀, o ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìwọ tó o ń lọ jẹ́jẹ́ káàkiri, kí lo rí?"

Mo ní mo máa ń ronú.

Ó ní, "Nípa kí ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Kí lẹ rò pé mò ń rò?

Ó wá di ọjọ́ kan. Ẹnì kan lọ sọ fún Àlàájì, bàbá ẹ̀, pé ọmọ wọn ń wọ òkun. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Àlàájì, ẹní ni wọ́n ń tà l'Ọ́ṣòdì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti máa ń ra tapólì tí wọ́n fi ń bo ọjà wọn. Bí a ṣe gbójú sókè ní Sọ́ńdè yẹn, a rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú jálábíà funfun, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Rájì, ìwọ náà wà níbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wo omi, wọ́n wo Sìkírátù, wọ́n tún wo omi. Wọ́n wá ní, "Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀ ń ṣe níbí, èwo ni kì í pa èèyàn?"

Mo ní, "Tèmi ni, sà."

Wọ́n ní, "Gbé mi lé e."

Èmi rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọ́n bọ́ jálábíà, ó ku ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì. A wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì fún wọn. Kọ́lá di pátákó mú, mo gbé ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ṣubú. Wọ́n dìde, wọ́n tún ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ kan rọra wá, ó wọ inú aṣọ, pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àlàájì lórí omi. Mò ń wẹ̀ tẹ̀lé wọn.

Wọ́n ní, "Rájì, ó ń lọ o."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, sà. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀."

Wọ́n ní, "Mi ò jù ú." Mo wo ojú wọn... ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ọkùnrin tí gbogbo ọjà ń bẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n dájọ́. Wọ́n ní Sìkírátù lè máa ṣe ti omi tó dákẹ́. Ti ìgbì yẹn, kó má dánwò mọ́.

Sìkírátù kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí inú yín ṣe dùn lórí omi yẹn, bí inú mi ṣe máa ń dùn lórí ìgbì nìyẹn. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀ láyé."

Àlàájì gbà. A rìn lọ sápá òkun. Ìgbì ọjọ́ náà ò kéré. Sìkírátù wọlé, ó kọjá èyí àkọ́kọ́, ó kọjá ìkejì, ìkẹta wá bì í ṣubú. Pátákó yọ. Aṣọ yọ. Òun ò yọ.

Àlàájì gbá mi lọ́wọ́ mú, ó dùn mí dé eegun. Kí n tó mọ̀, èmi àtàwọn ti wà nínú omi dé ìbàdí, wọ́n ti tún wọ jálábíà wọn padà, ó ń léfòó yí wọn ká. Orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè... Ó yọ orí lọ́hùn-ún. Ó wẹ̀ lọ bá pátákó. Gbogbo wa ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Kò bọ̀. Ó tún kọjú sí òkun. Ó dúró de ìgbì ńlá kan, ó gùn ún láti òkè dé ilẹ̀, ó wà lórí ẹ̀ títí tó fi já a sílẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀.

Àlàájì ní, "Nígbà tó o rì, ẹ̀rù bà ẹ́?"

Ó ní, "Ó bà mí, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó o fi padà síbẹ̀?"

Ó ní, "Bí mo bá wálé báyẹn, mi ò ní lè padà mọ́."

Àlàájì ń fún omi kúrò lára jálábíà. Wọ́n wá ní, "Máa ṣe é. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ dá nìkan lọ." Wọ́n yíjú sí mi. "Rájì, ṣé wàá lè máa bá a wọ ibẹ̀ yẹn?"

Èmi tí mo fẹ́ràn omi inú àwo. Mo ní, "Màá lè ṣe é, sà."

Ṣé mo lè ṣe é? Ẹ bi ìyá àgbà yín nípa omi iyọ̀ tí mo mu lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n mo wọ ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wọn ní Èjìgbò, títí wọ́n fi so yìgì wa.

Òun náà bá mi lọ sórí omi tó dákẹ́, mi ò ní fi í pa mọ́. Ó ní oorun ló ń kun òun. Títí dòní, òun ò gbà fún mi, èmi ò gbà fún un. Kọ́lá ti di arúgbó nílùú òyìnbó, bó bá pè mí, eré ló ṣì máa sọ. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wa. Ẹni tó fẹ́ kéèyàn wà lẹ́yìn òun, kó lọ sáré. Ẹni tó fẹ́ ká wo òun, kó lọ pidán. Ẹni tí nǹkan ń yára sú, ìgbì ń dúró dè é. Èmi, mo ní ọ̀rọ̀ nínú tí mo fẹ́ rò ni.

Àmọ́ ẹ̀yin... ẹ̀yin jókòó sórí àga l'Ókòtá níbí, ẹ̀ ń jà lórí ohun tí omi ẹ̀ ò tíì kàn yín lẹ́sẹ̀. Àwa, a ti ṣubú ká tó máa jiyàn. Ìyẹn ni mo rí tó yàtọ̀ sí tàtijọ́. Aníkẹ̀, má bi mí pé èwo ló dára jù. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ná. Wẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, gbìyànjú gbogbo ẹ̀, ara ẹ fúnra ẹ ló máa sọ fún ẹ.

Wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ ti ń já wa sílẹ̀, wọ́n ti mọ ògiri yí i ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ọ́n. Wọn ò lè mọ ògiri yí òkun ká. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ níbẹ̀, ìgbì ṣì ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sán... orúnkún tèmi ni kò sí mọ́.