Arúgbó Ò Gba Sìntẹ́tìkì

[Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, lọ́sàn-án. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Fóònù dún títí kí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó gbé e. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń pè.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàsán, àbúrò mi. Ìyàwó ńkọ́? Ilé ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n wà, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, quick question ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ń gbọ́ ẹ. Kí ló ń lé ẹ?

ÀBÚRÒ: Kò sóhun tó ń lé mi. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì àtijọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó jẹ́ ọ́ìlì lásán ni wọ́n ti ń dà sí i látọjọ́ tó ti pẹ́, tó wá ní kóun da ọ́ìlì sìntẹ́tìkì sí i. Ṣé nǹkan máa ṣe é ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ síra. Tí rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mú bá ṣì le, sìntẹ́tìkì dára ju èyí lásán lọ. Kì í tètè jó, kì í tètè dọ̀tí. Àmọ́ tó bá jẹ́ arúgbó bíi ti ọkọ̀ Bàbá wa—

ÀBÚRÒ: Ẹ̀n-ẹ́n. Arúgbó.

Ẹ̀GBỌ́N: Rọ́bà ẹ̀ ti gbẹ. Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ló ń bá a dí ihò. Sìntẹ́tìkì á fọ ìdọ̀tí yẹn kúrò, ọ́ìlì á wá máa gba ibẹ̀ sá jáde. Ṣebí mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ títí ẹnu fi ń ro mí. Ta ló fẹ́ dà á?

ÀBÚRÒ: Ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rẹ́ rẹ wo ló ní ọkọ̀ ojú omi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Tó bá wá jẹ́ pé ó ti dà á ńkọ́? Tí iná pupa tó ń kìlọ̀ ọ́ìlì bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn—

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ yẹn?

ÀBÚRÒ: Jẹnẹrétọ̀ ni. Ọ́fíìsì ni mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹnẹrétọ̀ kì í húkọ́ báyẹn. Gbé fóònù sún mọ́ ọn.

ÀBÚRÒ: Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ gbọ́—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní gbé fóònù sún mọ́ ọn.

[Ìró ẹ́ńjìnnì sún mọ́ tòsí. Ó ń lu kì-kì-kì, ó húkọ́, ó tún ń lu. Omi ń gbá ara ọkọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Arúgbó nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ mi ló tú u, ọwọ́ mi ló tò ó padà. Rọ́bà ẹ̀yìn nìkan ni mi ò rí pààrọ̀. Mo mọ ikọ́ ẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ Bàbá wa. Ta ló ní kó o gbé ọkọ̀ kúrò ní èbúté?

ÀBÚRÒ: Mo ní kí n kàn gbé e jáde díẹ̀ ni. Small thing.

Ẹ̀GBỌ́N: Láìní ìgbòkun? Ìgbòkun ẹ̀ nìyí lórí itan mi, mò ń rán ibi tó ya.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Iná pupa yẹn, ṣé ó ń tàn báyìí?

ÀBÚRÒ: Ó ń tàn. Kò kú mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Pa ẹ́ńjìnnì.

ÀBÚRÒ: Atẹ́gùn ń gbé wa lọ sí ọ̀dọ̀ àpáta. Tí mo bá pa á—

Ẹ̀GBỌ́N: Tó ò bá pa á, á kú fúnra ẹ̀, kò sì ní jí mọ́. Ju ìdákọ̀ró sómi kó o pa á. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ṣéènì ń sáré wọ omi. Ẹ́ńjìnnì kú. Ìró omi nìkan ló kù.]

ÀBÚRÒ: Ó ti di ilẹ̀ mú.

Ẹ̀GBỌ́N: O ní atẹ́gùn ń gbé «wa». Ìwọ àti ta ni?

[Ohùn obìnrin kan látòkèèrè: «Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?» ÀBÚRÒ, kúrò lẹ́nu fóònù: «Mẹkáníìkì ni, mà.»]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni mẹkáníìkì?

ÀBÚRÒ: [ohùn ìsàlẹ̀] Ẹ̀gbọ́n mi, let me explain. Wọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ ni. À ń gbé e lọ sí èbúté tiwọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ra ọkọ̀ wo?

ÀBÚRÒ: Tí mo bá bi yín, ẹ ò ní gbà.

Ẹ̀GBỌ́N: Àná lo jókòó síbí. O fọwọ́ kan etí ìgbòkun yìí, o ní ojú rírán mi dọ́gba. O bi mí pé ìgbà wo ló máa parí. Inú mi dùn, mo ní ara àbúrò mi ti wà lọ́nà.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní àwọn máa ra ìgbòkun tuntun.

Ẹ̀GBỌ́N: O wá jẹ́ kí n máa rán an lọ.

ÀBÚRÒ: Àwa méjèèjì ni Bàbá fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún. Àmọ́ «má fọwọ́ kan tibí, má da yẹn sí i» ni mò ń gbọ́. Àlejò ni mo jẹ́ nínú ọkọ̀ bàbá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣe ló yẹ kó o sọ ọ́ lójú mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ò wá dákẹ́ lásán, ò ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn àgbà ní inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ṣebí ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

ÀBÚRÒ: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló da sìntẹ́tìkì sí i?

ÀBÚRÒ: Èmi ni. Àwọn èèyàn ní ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dún jẹ́ẹ́. Mo fẹ́ kó dùn-ún gbọ́ létí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì lásán kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì apá òsì. Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀. Gbé e jáde, fa géèjì tó ń wọn ọ́ìlì yọ, kó o máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan àmì òkè.

ÀBÚRÒ: Ṣé méjèèjì lè pò pọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò ní bá ara wọn jà títí tẹ́ ẹ máa fi gúnlẹ̀. Lọ.

[Ìró ẹsẹ̀ lórí pákó. «Mà, ẹ bá mi di fóònù mú.»]

OLÙRÀ: Hẹ́lò, mẹkáníìkì. Ẹ káàsán, mà. Ẹ ṣeun gan-an. Àyà mi ti fẹ́ já.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdákọ̀ró yẹn ò ní tú. Ṣé ó ti rí kẹ́ẹ̀gì?

OLÙRÀ: Ó ti rí i, ó ń dà á. Nítorí ẹ́ńjìnnì yìí ni mo ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ náà, ẹ mọ̀? Wọ́n to gbogbo wáyà ẹ̀ bí ẹní dirun. Mo bi í pé ta ló tọ́jú ẹ̀ báyìí, ni omi bá bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó kú ni. Bóyá ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

[Nǹkan irin kékeré já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.]

OLÙRÀ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ẹ ní kó wo géèjì. Ibo ni ọ́ìlì dé?

OLÙRÀ: Ó ní ó ti kan àmì òkè.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó tan án.

[Ẹ́ńjìnnì rọ́, ó kọ̀. Ó tún rọ́. Ó húkọ́, ó gbà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Iná pupa ńkọ́?

OLÙRÀ: Ó ti kú. Ọlọ́run, a dúpẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Mà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yẹn, ṣé ó sọ ohun tó pa á?

OLÙRÀ: Àìsàn ni. Ó ní ó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, mà. Aránṣọ ni mí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

[Fóònù ń hó. Ohùn ń já.]

OLÙRÀ: Nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe ségesège. Ẹ tún un sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mi ò kú, mà. Èmi kan náà tó tọ́jú ẹ́ńjìnnì yẹn ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo jókòó sí, ara mi le.

[OLÙRÀ, kúrò lẹ́nu fóònù: «Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Rárá, má ṣàlàyé fún mi. Yí ọkọ̀ yìí padà.»]

OLÙRÀ: Mà, mi ò lè ra ohun tí wọ́n fi ẹnu pa alààyè kí wọ́n tó rí i tà. À ń dá a padà fún yín. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ò ṣẹ̀ mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu mi ló yọ. Tí mo bá ní ẹ wà láàyè, wọ́n á ní àwọn fẹ́ rí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: O tún sunkún sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bíi pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sáré. Rọra wà á. Máa wo géèjì lóòrèkóòrè, tí ọ́ìlì bá ti wálẹ̀, dà sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ máa wá sí èbúté? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ẹ. Màá wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ—

Ẹ̀GBỌ́N: Má dúpẹ́. Ọkọ̀ ni mò ń bọ̀ wá pàdé. Tó o bá ti so ó tán, fún màdáámù yẹn ní kọ́kọ́rọ́, kó o gba ẹ̀yìn èbúté lọ kí n tó dé. Mi ò tíì lè wo ojú—

[Ìpè já.]